Ilẹ̀ etí òkun lápá Àgbádárìgì: kí ni kí a béèrè kí a tó sanwó?

Ìyá Tèmídire (Leeds)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Nọ́ọ̀sì ni mí níbí, ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì. Díẹ̀díẹ̀ la ti ń tọ́jú owó ká lè ní ibi tí a óò fẹ̀yìn tì sí nílé. Éjẹ́ǹtì kan fi fídíò ránṣẹ́ sí àbúrò mi: etí òkun lápá Àgbádárìgì, igi àgbọn lọ súà, kò sí ariwo, àwọn apẹja nìkan ló wà níbẹ̀. Pulọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, mílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Ó ní èyí tó kọjú sí omi gan-an ló kù, pé èbúté ńlá ń bọ̀ níbẹ̀, owó ilẹ̀ náà á sì di ìlọ́po mẹ́ta láìpẹ́. Ọkàn mi fà sí i, torí ọmọ Ìlàjẹ ni bàbá mi, etí omi ni wọ́n bí wọn sí. Ṣùgbọ́n owó yìí nìkan la ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Awọnlẹ̀

Ìyá Tèmídire, ẹ kú làálàá òkè òkun. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, etí òkun yìí ni mo sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tí éjẹ́ǹtì kì í sọ ni màá kọ́kọ́ sọ: iyanrìn ń rìn. Láti Togo wá títí kọjá Èkó, ìgbì òkun ń ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, tọ̀sán-tòru. Níbi tí wọ́n bá ti kó òkúta sínú òkun láti fi dáàbò bo èbúté, iyanrìn á dúró lápá ìwọ̀-oòrùn òkúta náà, ilẹ̀ ibẹ̀ á máa gbòòrò. Ẹni tó wà ní ìlà-oòrùn kò ní rí iyanrìn tuntun gbà mọ́, bẹ́ẹ̀ òkun kò ní yéé kó èyí tó wà nílẹ̀ lọ.

Ẹ wo Èkó. Láti 1908 ni ìjọba Òyìnbó ti ń kó òkúta sí ẹnu ọ̀sà kí ọkọ̀ lè ráyè wọlé. Iyanrìn pọ̀ sí i ní Lighthouse Beach, Bar Beach tó wà lódì kejì sì ń tín-ín-rín, títí omi fi ń ya wọ títì Ahmadu Bello. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté Lomé àti ti Kútọnu ní àwọn ọdún 1960: òkun jẹ ilẹ̀ lápá Aného ní Togo, ó sì wó ilé lulẹ̀ ní ìlà-oòrùn Kútọnu.

Ìdí rèé tí mo fi ní kẹ́ ẹ bi éjẹ́ǹtì yẹn nípa èbúté tó fi ń polówó. Lóòótọ́ ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí èbúté Àgbádárìgì ní 2021. Tí wọ́n bá kọ́ ọ, apá wo ni pulọ́ọ̀tì yín máa bọ́ sí? Tó bá jẹ́ ìlà-oòrùn, èbúté náà ni yóò ba ilẹ̀ yín jẹ́. Tí wọn ò bá kọ́ ọ, ẹ ti fi owó èbúté ra oko àgbọn nìyẹn.

Ọmọ Ìbẹ́jú

Bàbá, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀rù yìí ti pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n sọ fún wa nípa Lẹ́kí náà nìyẹn. Èbúté Lẹ́kí ṣí ní 2023, ilé ìfọpo Dangote náà ṣí lọ́dún kan náà, àwọn tó ti ra ilẹ̀ ṣáájú sì ń jẹun lórí ẹ̀ lónìí.

Bàbá Awọnlẹ̀

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, inú mi sì dùn fún wọn. Ṣùgbọ́n béèrè ibi tí ilẹ̀ wọn wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó jèrè, itòsí ọ̀nà ni wọ́n rà sí, kì í ṣe bèbè omi. Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà Èkó sí Calabar bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ilé ìgbafẹ́ etí òkun ni katakata kọ́kọ́ wó ní Victoria Island. Mínísítà iṣẹ́ sì sọ ọ́ ní gbangba pé ti ìjọba àpapọ̀ ni mítà 250 láti etí òkun. Ìyá Tèmídire, èyí tó kọjú sí omi gan-an yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ wọlé sẹ́yìn dáadáa, sórí ilẹ̀ tó ga.

Sènámì Àgbádárìgì

Ọmọ Ògù ni mí, ibẹ̀ ni mo ń gbé. Àǹtí, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín wá wo ilẹ̀ náà ní oṣù kẹfà tàbí ìkẹje nígbà òjò, kó rí ibi tí omi ń dé. Kó má bá éjẹ́ǹtì nìkan sọ̀rọ̀, kó jókòó ti olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí. Ilẹ̀ ìdílé tí olórí ẹbí kò bá sí nínú títà rẹ̀, òfìfo ni títà náà níwájú adájọ́. Tó bá sì jẹ́ òun nìkan ló tà á láìfi ti àwọn àgbà ẹbí yòókù ṣe, wọ́n lè bá yín dé kóòtù kí wọ́n gbà á padà. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn náà. Apá ibi tí òkun wà, ọkọ̀ ojú omi la fi ń sọdá sí ìlú, ẹ sì ní ibi ìfẹ̀yìntì lẹ ń wá. Ẹni tí àyà bá dédé ń dùn lóru kò lè dúró de ọkọ̀.

Ìyá Tèmídire (Leeds)

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òru yìí wọ̀ mí lára, torí iṣẹ́ mi ni. Ọkọ mi ní ká sún mọ́ ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, lódì kejì omi, ká máa lọ wo òkun nígbà tó bá wù wá. Bàbá, ìwé wo ni kí àbúrò mi kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn?

Bàbá Awọnlẹ̀

Ọkọ yín gbọ́n. Kó gba ẹ̀dà ìwé sọ́fè, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà, èyí tí nọ́ńbà òpó ààlà hàn kedere lórí rẹ̀, kó má san kọ́bọ̀. Kó gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, olórí awọnlẹ̀ ìjọba, ní Aláúsá fún charting, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi wé máàpù ìjọba. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti sọ fún un bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Tí wọ́n bá pè é ní «committed», kó gbàgbé ẹ̀ pátápátá, ìjọba ti ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Tí éjẹ́ǹtì bá ní gásẹ́ẹ̀tì wà, ìyẹn ìwé ìjọba tó kọ ààlà ilẹ̀ tí ìjọba fi sílẹ̀ fún abúlé, kó mú nọ́ńbà gásẹ́ẹ̀tì náà wá, ká wò ó bóyá pulọ́ọ̀tì yín wà nínú ààlà tí wọ́n kọ síbẹ̀. Gásẹ́ẹ̀tì abúlé kan náà ni wọ́n fi ń ta ilẹ̀ abúlé kejì. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, nítorí náà tí ẹ bá rà á tán, ẹ má jókòó ti rìsíìtì ẹbí nìkan.

Ẹ sì fi owó ìkọ́lé sọ́kàn. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń jẹ irin, iyanrìn òkun kò sì dára fún kọ́ǹkéré. Iyanrìn odò ni kẹ́ ẹ lò, ẹ jẹ́ kí kọ́ǹkéré bo irin dáadáa. Tí charting bá ti jáde, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ síbí, màá kà á fún yín.