Hilux dísù tàbí ti bẹntiróòlù: ibi tí mo bá a dé

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí mo béèrè èyí tí ǹ bá rà láti máa kó ẹ̀lùbọ́ àti ata láti Ìsẹ́yìn lọ sí Bódìjà. Dísù ni mo rà, Hilux 2.5.

Ìmọ̀ràn tó gbà mí jù ni pé kí n dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀ ní kùtùkùtù, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, nítorí èyí tó ti gbóná lè bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọlọ́kọ̀ àkọ́kọ́ ti tan tirẹ̀ sílẹ̀ kí n tó dé. Mo gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná, mo sì padà sílé. Èkejì dáhùn bí mo ṣe yí kọ́kọ́rọ́; èéfín díẹ̀ rú, èéfín náà sì dáwọ́ dúró.

Lílọ àbọ̀ pẹ̀lú ẹrù, nǹkan bíi lítà 20 ló ń jẹ. Ti bẹntiróòlù tí mo ń háyà tẹ́lẹ̀ ń jẹ 28, á sì máa mí gúlegúle lórí òkè. Ṣùgbọ́n bí ẹrù yín kò bá wúwo, tí kì í sì í ṣe ojoojúmọ́, bẹntiróòlù ni kí ẹ rà, nítorí àtúnṣe dísù wọ́n.

Ìṣòro omi inú epo ni kò tíì tán. Mo ń tú ìdí fílítà tó ń sẹ́ epo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹ ṣe wí, omi tó ń jáde tó ìdérí ike kan, síbẹ̀ iná fílítà ṣì tàn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti yí ilé epo padà. Nọ́sù kan, ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ṣì ń dá epo padà jù. Mo ń tọ́jú owó rẹ̀.