Ẹ sọ ìrírí yín: káàdì tó ń borí báyìí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò le

Ọmọ Ìkòròdú:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Tèmi rèé.

Ilé ọ̀rẹ́ wa kan lọ́nà Ìgbógbó la ti máa ń ta póókà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Hold'em ni, èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì méjì lọ́wọ́, tí gbogbo wa sì jọ ń lo márùn-ún tí wọ́n ń ṣí sílẹ̀. Owó kékeré la fi ń ta á, kó má di pé ẹnì kan délé kó má rí owó ọbẹ̀ fún ìyàwó. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bọ̀dá kan tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ló jókòó sọ́wọ́ òsì mi. Ó mọ eré náà, kì í sì í bínú.

Wọ́n pín 10 méjì fún mi, dúdú ni méjèèjì. Mo fi owó kún un, àwọn yòókù jù ú sílẹ̀, ó ku èmi àti bọ̀dá. Flop, ìyẹn káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ nílẹ̀, ṣí: 9 heart, 7 heart, 3 club. Owó àárín jẹ́ ₦3,000.

Èmi ni mo ṣeé ṣe kí n wà níwájú, nítorí kò sí káàdì nílẹ̀ tó ju 10 mi lọ. Àmọ́ ẹ wo iye ohun tó lè yí i padà! Bí bọ̀dá bá ní heart méjì lọ́wọ́, heart kan péré ló kù kó di flush, ìyẹn káàdì márùn-ún tí àmì wọn jọra. J, Q, K tàbí A, tí wọ́n ju 10 lọ, lè já, kó bá ti ọwọ́ rẹ̀ mu. Ẹja tútù tí kò sí yìnyín lórí rẹ̀ ni irú káàdì yìí, ẹ tà á kílẹ̀ tó ṣú.

Àwọn kan máa ní kí n gbá tábìlì, ìyẹn kí n má fi owó lélẹ̀, kí n fara pamọ́. Mi ò gbà. Ọ̀fẹ́ ni mo fi turn, káàdì kẹrin ilẹ̀, tọrẹ fún un nìyẹn. Àwọn mìíràn á ti gbogbo ṣípù, ìyẹn àmì owó wọn, síwájú. Ìyẹn náà kò dáa, torí ẹni tí mò ń nà á sá lọ, ẹni tó ti ní 9 méjì tàbí 7 méjì lọ́wọ́, tó ti di mẹ́ta, ló máa dúró dè mí.

Mo fi ₦2,000 lélẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ rèé: bọ̀dá á san ₦2,000 nínú àpapọ̀ ₦7,000, ó gbọ́dọ̀ máa borí bí ìgbà 29 nínú 100 kó tó pé e. Ẹni tó ń retí flush, heart 9 ló kù fún un nínú káàdì 47 tí kò tíì rí. Kò ju 19 nínú 100 lọ. Ká tiẹ̀ ní A wà lára heart rẹ̀, tí A mẹ́ta yòókù náà á gbè é, 12 nínú 47 nìyẹn, ó fi díẹ̀ lé ní 25 nínú 100. Kò pé e síbẹ̀. Turn nìkan ló sì san owó yẹn fún. Bó bá fẹ́ rí river, káàdì karùn-ún tó kẹ́yìn, á tún san.

Ó ń fi àtàǹpàkò yí ṣípù kan po, ó ń wo ojú mi, ó wá san. Turn jẹ́ 2 spade. Mo fi ₦5,000 lé ₦7,000 tó wà nílẹ̀. Ó tún san.

River: K heart.

Mo gbá tábìlì. Kíá, bọ̀dá ti ₦9,000 síwájú. Ẹni tó san lẹ́ẹ̀mejì láìfi nǹkan kún un, tó wá jí nígbà tí heart kẹta dé, kí ni mo tún fẹ́ nà lọ́wọ́ rẹ̀? Mo ju 10 méjèèjì sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí tiẹ̀: A àti 8, heart méjèèjì.

Wọ́n ń bá mi kẹ́dùn. Èmi ò rí ohun tí wọ́n ń bá mi kẹ́dùn sí. Owó tí kò pé e ló san lẹ́ẹ̀mejì, ₦9,000 mi sì wà lápò. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́la, bí màá ṣe ta á náà nìyẹn.

Ìyá Àdùkẹ́, Ẹ̀pẹ́:
O kú iṣẹ́, àbúrò mi. Ẹnì kan péré lo bá ta á o. Àwa mẹ́rin la wà nídìí tèmi. K àti Q lọ́wọ́ mi, ilẹ̀ ṣí Q, J, 8. Mo ta á, mo fi owó lélẹ̀, ẹnì kan fi owó kún un ní ìlọ́po mẹ́ta, ẹlòmíràn tún san èyí. Mo jù ú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọkọ mi ń pariwo pé Q méjì ni mo jù nù. 10 àti 9 ló wà lọ́wọ́ ẹni tó fi owó kún un, straight, ìyẹn káàdì márùn-ún tó tẹ̀lé ara wọn, ti pé kí n tó ta rárá. Ìwọ ńkọ́, ṣé wàá ta á láàárín ẹni mẹ́rin?

Ọmọ Ìkòròdú:
Màá ta á, Ìyá mi, màá sì jù ú bí ẹ ṣe jù ú gẹ́lẹ́. Ẹni tó fi owó kún un lójú ẹni mẹ́ta lórí Q, J, 8, kì í sábà jẹ́ pé ó ṣì ń retí nǹkan. Ó ti ní in lọ́wọ́ ná.