Atúmọ̀-èdè tó ń dá iṣẹ́ ṣe: ìgbà wo ló yẹ ká fẹ̀yìn tì, báwo la sì ṣe ń ṣe é?

Láti Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akẹgbẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà mọ̀ pé bí òun bá ti pé 60 ọdún láyé, tàbí tí òun bá ti lo 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ilé ti yá. Àwa tá a ń dá iṣẹ́ ìtumọ̀ ṣe ò ní ọ̀gá tó máa fún wa ní lẹ́tà. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, owó á máa dín kù, èèyàn á sì máa gbà á bẹ́ẹ̀ torí kò fẹ́ jókòó lásán. Ẹ jẹ́ ká kó ohun tá a mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ síbí, kí kálukú sọ ohun tó ṣeé dì mú.

Èmi ò gbà pé ọjọ́ orí ló yẹ kó pinnu. Owó wákàtí kan ni. Owó tí wọ́n ń kà lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ká ní alágbàtà kan ń san 0.05 dọ́là lórí ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó bá ń túmọ̀ 300 ọ̀rọ̀ ní wákàtí kan, tó sì ń fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀, ń gba 15 dọ́là. Alágbàtà yẹn kan náà wá ní kó máa ṣàtúnṣe ìtumọ̀ tí kọ̀ǹpútà ti ṣe, òun á san 0.02. Lójú ẹni tó ń pín iṣẹ́ níbẹ̀, ó yẹ kéèyàn lè yẹ 700 ọ̀rọ̀ wò ní wákàtí kan. 14 dọ́là nìyẹn, ó sún mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Bí èdè náà bá jẹ́ Faransé tàbí ti Jámánì, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ti Yorùbá kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Láti December 2013 tí Google Translate ti fi Yorùbá kún àwọn èdè rẹ̀, ẹ̀rọ ti gbọ́n sí i gidigidi. Àmọ́ ìwé Yorùbá tó rí kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọn ò sì fi àmì sí. Torí náà gbólóhùn á dán lójú, àmì ohùn á sì ṣì níbi mẹ́ta nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa lè má yẹ̀ ju 350 ọ̀rọ̀ wò ní wákàtí kan. Ó ti di 7 dọ́là.

Ẹ wá ìwé kan, kẹ́ ẹ fi oṣù mẹ́ta kọ ọ́: irú iṣẹ́, iye ọ̀rọ̀, wákàtí tó gbà, owó tó dé ọwọ́ yín lẹ́yìn tí báǹkì ti yọ tirẹ̀. Ẹ ka àkókò tẹ́ ẹ fi fèsì ímeèlì, tẹ́ ẹ fi dáhùn ìbéèrè oníbàárà, tẹ́ ẹ fi kọ ìnfọ́ìsì mọ́ wákàtí náà, kẹ́ ẹ sì yọ owó epo jẹnẹrétọ̀. Ẹ má da gbogbo iṣẹ́ pọ̀ o. Ẹ ya oníbàárà kọ̀ọ̀kan àti irú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Èyí tí owó wákàtí rẹ̀ bá kéré jù lẹ máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kẹ́ ẹ tún wo èyí tó kàn. Iṣẹ́ kan lẹ́yìn èkejì ni atúmọ̀-èdè fi ń fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan sábà máa ń padà wá gba èyí tó burú jù.

Iṣẹ́ òru, èyí tí wọ́n ń fẹ́ kó dé kí ilẹ̀ tó mọ́ l'Amẹ́ríkà, ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Èyí tó yẹ kó gbẹ̀yìn ni ìwé ìbéèrè tí àwọn tó ń ṣèwádìí oògùn máa ń fún aláìsàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé atúmọ̀-èdè méjì á túmọ̀ ìwé kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnì kẹta á pa méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, ẹlòmíràn tí kò rí ìwé àkọ́kọ́ á tún un túmọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kà á fún bí èèyàn márùn-ún tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí wọn, láti mọ ohun tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀. Pípa iṣẹ́ méjì pọ̀ àti bíbi àwọn èèyàn náà ní ìbéèrè ò fẹ́ ìkánjú. Etí tó ti gbọ́ Yorùbá Ìbàdàn, ti Ìjẹ̀bú àti ti Èkìtì dáadáa ni wọ́n ń fẹ́, ẹni tó lè sọ ṣáájú pé gbólóhùn yìí ò ní yé ìyá àgbà tó wà lóko. Wákàtí ni wọ́n sì sábà máa ń kà sanwó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láti Abẹ́òkúta

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n wa n'Íbàdàn. Ọ̀rọ̀ owó yẹn wọlé. Mo fẹ́ fi ojú kún un, torí ojú lè ti máa tan èèyàn kí owó tó dín kù.

Ẹ wo ìwé ìlò oògùn. "Ẹ lè lò ó pẹ̀lú oúnjẹ" àti "Ẹ ò lè lò ó pẹ̀lú oúnjẹ": lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Bí lẹ́tà bá kéré lórí kọ̀ǹpútà, ojú tó ti rẹ̀ á fò ó, ọpọlọ á sì ka ohun tó rò pé ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká máa dán ara wa wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ mú 1,000 ọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti parí, ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 14, kẹ́ ẹ fún akẹgbẹ́ kan kó kà á sókè nígbà tí ẹ̀yin ń wo ìwé àkọ́kọ́. Ẹ ka àṣìṣe sí ọ̀nà mẹ́ta: ti ìtumọ̀, ti nọ́ńbà tàbí ohun tẹ́ ẹ fò, àti ti àmì ohùn. Àmì ohùn tó ṣì á ṣeé tún ṣe. Àmọ́ bí àṣìṣe ìtumọ̀ tàbí ti nọ́ńbà bá ti ju ẹyọ kan lọ, tó sì rí bẹ́ẹ̀ nígbà méjì tó tẹ̀ léra, kẹ́ ẹ kúrò nídìí ìwé oògùn àti ìwé ilé ẹjọ́. Ibi tí mo fàlà sí nìyẹn, mi ò sì rò pé ó le jù, torí ẹni tó máa lo oògùn náà ò mọ̀ wá rí.

Kẹ́ ẹ tó sọ pé ojú ti lọ, ẹ yẹ gíláàsì wò. Gíláàsì ìwé kíkà sábà máa ń wà fún nǹkan tó jìnnà tó bí 40 sẹ̀ǹtímítà. Kọ̀ǹpútà máa ń wà ní bí 60. Ẹni tó ń fi gíláàsì ìwé wo kọ̀ǹpútà á máa na ọrùn síwájú, orí á máa fọ́ ọ, á rò pé àgbà ló dé. Ẹ sọ fún dókítà ojú pé kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ fi wò, ẹ fi tépù wọn bó ṣe jìnnà sí yín kẹ́ ẹ tó lọ. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó wọn bí ẹyinjú ṣe le tó lọ́dọọdún, nítorí àìsàn glaucoma. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ó sì tètè ń mú wa ju àwọn mìíràn lọ. Kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ, ohun tó bá sì ti jẹ kì í padà. Ti cataract yàtọ̀, iṣẹ́ abẹ lè dá ìríran padà, torí náà kò tó ohun tí a tìtorí rẹ̀ pa iṣẹ́ tì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ orí lásán lé yín. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ti lé ní 70 ọdún nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884. Kò dá a ṣe. Àwọn bíi Thomas King bá a ṣe lára iṣẹ́ náà. Àgbà tó ní ọwọ́ ọ̀dọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí.

Láti London

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Fún àwa tá a wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹ wo àkọsílẹ̀ National Insurance yín, ìyẹn owó tá à ń san fún ìjọba tí wọ́n fi ń ka ọdún pẹ́ńṣọ̀n, kẹ́ ẹ tó dín iṣẹ́ kù. 10 ọdún ló kéré jù kéèyàn tó rí ohunkóhun nínú State Pension tuntun, pẹ́ńṣọ̀n ìjọba, 35 ọdún ló sì sábà máa ń mú un pé. Ní ọdún owó-orí 2025 sí 2026, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ́ £230.25 lọ́sẹ̀. Ibi tí àwọn tó ń dín iṣẹ́ kù ti ń ṣubú rèé: ní ọdún yẹn, tí èrè èèyàn kò bá tó £6,845, wọn ò ní ka ọdún náà fún un, àfi tó bá fúnra rẹ̀ san Class 2, ìyẹn National Insurance ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. £3.50 lọ́sẹ̀ ni lọ́dún owó-orí yẹn, £182 lápapọ̀, inú Self Assessment, fọ́ọ̀mù owó-orí ọdọọdún, lẹ ti máa tọ́ka sí i pé ẹ fẹ́ san án. Ẹni tí kò bá mọ̀, tó wá lọ fi Class 3, owó tí èèyàn fúnra rẹ̀ yàn láti san, dí àlàfo náà, á san £17.75 lọ́sẹ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n máa kà fún àwọn méjèèjì.

Ẹni tó bá ń rò ó pé òun á padà sílé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, kó fi sọ́kàn pé Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń fi kún State Pension lọ́dọọdún. Iye tẹ́ ẹ bá ń gbà nígbà tẹ́ ẹ délé, ibẹ̀ ló máa dúró sí.

Ìnṣọ́ránsì náà ṣe pàtàkì. Professional indemnity, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tó ń dáàbò bò yín bí oníbàárà bá fẹ̀sùn àṣìṣe kàn yín, kì í wo ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́, ọjọ́ tí oníbàárà bá gbé ẹ̀sùn dé ló ń wò. Bẹ́ ẹ bá fagi lé e lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì, tí ẹnì kan wá ní ìwé tẹ́ ẹ túmọ̀ lọ́dún tó kọjá bà á lọ́jà jẹ́, ẹ ò ní ààbò kankan. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń pè ní run-off, tó máa ń bá ààbò náà lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fẹ̀yìn tì. Ní England, ọdún mẹ́fà lòfin fi sílẹ̀ fún ẹjọ́ àdéhùn, torí náà ọdún mẹ́fà ni kẹ́ ẹ fi gbà á. Ẹ tọ́jú ìwé owó fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn 31 January tó jẹ́ gbèdéke ọdún owó-orí ìkẹyìn yín.

Láti Houston

Ìwọ̀nba ni tèmi. Níbí, 40 kírédíìtì ló ń ṣílẹ̀kùn Social Security, pẹ́ńṣọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà, mẹ́rin ló pọ̀ jù lọ́dún kan. Ẹni tí wọ́n bí ní 1960 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ á gba ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ní 67. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní 62 kó gba èyí tó dín kù, bó bá sì ní sùúrù dé 70, wọ́n á fi 8 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi dúró lẹ́yìn 67. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa gbé Nàìjíríà, ẹ rántí pé Medicare, ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àgbàlagbà, ò ní sanwó ilé ìwòsàn fún yín níbẹ̀.

Láti Èkó

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu ba ohun tá a máa fi sílẹ̀: translation memory, fáìlì tó ń tọ́jú gbólóhùn tá a ti túmọ̀ rí ká lè tún un lò, àti àkójọ ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ ló wà nínú fáìlì yẹn, bí a ò bá tò ó dáadáa, ẹni tó gbà á ò ní rí i lò.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé àdéhùn. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, oníbàárà ló ni memory náà. Ti oníbàárà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, ẹ fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kẹ́ ẹ pa ẹ̀dà ọwọ́ yín rẹ́ bí àdéhùn bá sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jẹ́ tiyín gan-an nìkan lẹ lè fún ẹlòmíràn.

Ẹ gbé e jáde ní TMX, irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ ètò ìtumọ̀ lè kà. Trados, memoQ àti Phrase ló ń ṣe é. Ẹni tó ń lo OmegaT tiẹ̀ ti ní in nílẹ̀, project_save.tmx tó wà nínú fódà omegat ni. Lẹ́yìn náà ni wàhálà tó jẹ́ ti Yorùbá gan-an ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ tá à ń rí gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ ọ́ ju ẹyọ kan lọ. Nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ tó ti ní ààmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, U+1EB9, pẹ̀lú àmì òkè. Ó lè jẹ́ e lásán, kí wọ́n wá fi U+0323 sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó fi àmì lé e lórí. Àwọn kan ò tiẹ̀ lo tóótó, ìlà kúkúrú tó dúró ṣánṣán, U+0329, ni wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, gbólóhùn tó yẹ kó bára mu 100 nínú 100 á jáde bíi tuntun, àkójọ ọ̀rọ̀ ò sì ní dá ohunkóhun mọ̀. Ẹ ṣí TMX náà nínú ètò tó ń ka UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà Unicode, ẹ fi U+0323 rọ́pò gbogbo U+0329, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí NFC, ìlànà tó ń sọ ọ̀nà ìkọ̀wé wọ̀nyí di ọ̀kan. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Fáìlì àtijọ́ tí wọ́n fi fọ́ǹtì àrà ọ̀tọ̀ kọ kí Unicode tó gbilẹ̀ ń fẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, torí bí fọ́ǹtì náà ò bá sí mọ́, àmì tí kò nítumọ̀ lẹ máa rí. Ẹ wá fọ́ǹtì yẹn nísinsìnyí tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣì ń tàn.

Fífi oníbàárà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ náà ń fẹ́ àkókò. Oṣù mẹ́ta ò pọ̀ jù: oṣù àkọ́kọ́, ẹni tó máa rọ́pò yín á máa yẹ iṣẹ́ yín wò, ìkejì, òun á túmọ̀, ẹ̀yin á yẹ̀ ẹ́ wò, ìkẹta, ẹ fi í han oníbàárà. Ẹ sanwó fún un, ẹ̀yin àgbà. Ẹni tá ò sanwó fún ò ní dúró.

Láti Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún ti àbúrò wa l'Ékòó: Yorùbá tá à ń kọ lórílẹ̀-èdè Benin ń lo ɛ àti ɔ dípò ẹ àti ọ. Bí ẹnì kan bá ti ṣiṣẹ́ fún ìhà méjèèjì, kó má da memory wọn pọ̀. Kó kọ ọ́ sí orúkọ fáìlì pé ti Benin nìyí, ti Nàìjíríà nìyí.

Láti Ìbàdàn

Ọlọ́run á bù kún un yín. Ẹ jẹ́ kí n fi pẹ́ńṣọ̀n ti ilé kún un. Láti 2019 ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó pẹ́ńṣọ̀n, ti ṣí ọ̀nà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ láti ní RSA, ìyẹn àkàǹtì owó ìfẹ̀yìntì, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n tó bá wù ú. NIN ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè. Kò sí iye pàtó tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ san, ẹ lè san án nígbà tí owó iṣẹ́ bá wọlé. Bí wọ́n ṣe gbé ètò náà kalẹ̀ ní 2019, 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó téèyàn bá san ló ṣeé fà yọ bí nǹkan bá le, 60 tó kù sì ní láti dúró ó kéré tán títí ó fi pé 50 ọdún. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan 40 yẹn. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú owó oúnjẹ oṣù mẹ́fà sọ́tọ̀ ní báǹkì, kí ìyẹn jẹ́ tìgbà ìṣòro.

Ẹ kọ orúkọ gbogbo ibi tí owó yín wà sórí ìwé kan, Payoneer, Wise, àkàǹtì dọ́là ní báǹkì, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọkọ tàbí aya tàbí ọmọ yín tó dàgbà mọ ibi tí ìwé náà wà. Kẹ́ ẹ má sì ti ọ̀kankan pa lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi ìnfọ́ìsì ìkẹyìn ránṣẹ́. Àwọn alágbàtà kan máa ń sanwó ní 60 ọjọ́ lẹ́yìn òpin oṣù, èyí tó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ parí ní ìbẹ̀rẹ̀ March, ìparí May ni owó rẹ̀ máa dé. Ẹ jẹ́ kí àkàǹtì náà wà ní ṣíṣí títí owó náà á fi wọlé, kẹ́ ẹ fi oṣù kan lé e.