Àbá ìwádìí lórí àkàyé: kí lojú tiyín rí?

Akéwejẹ: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ àbá ìwádìí lórí àkàyé rí, ẹ gbà mí. Ọgbọ́n ìkàwé mẹ́rin ti àwọn olùwádìí Palincsar àti Brown (1984) ni mo fẹ́ lò: kí ọmọ sọ ohun tó rò pé ó máa tẹ̀ lé e, kó béèrè ìbéèrè, kó tú ibi tó ta kókó, kó sì sọ ọ́ ní ṣókí. Kí ni alábòójútó yín kọ́kọ́ bá jà?

Ìyá Ìbejì: "Àwọn wo ni kò ní gba ẹ̀kọ́ náà?" Ìbéèrè yẹn gba oorun lójú mi. Ọ̀gá ilé ìwé ò gbà kí n tú kíláàsì ká kí n máa ṣẹ́ gègé lé àwọn ọmọ lórí. Bí mo ṣe mú odidi kíláàsì méjì nìyẹn, ọ̀kan gba ẹ̀kọ́ náà, èkejì kò gbà á; mo dán wọn wò ṣáájú, mo tún dán wọn wò lẹ́yìn.

Gbénró: Méjì péré? Olùkọ́ méjì lẹ fi wéra yẹn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó bú mi.

Tèmi Yémi: 😂😂😂

Àjàlá: Ìdánwò ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ ìbéèrè fúnra rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tó fi kọ́ wọn ló tún fi dán wọn wò. Ṣé wọn ò ní gbà á ni? Nígbà tí wọ́n gbé ìdánwò ẹlòmíì síwájú wọn, gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀.

Akéwejẹ: Ṣé kí n lo ìdánwò méjèèjì ni, tèmi àti tẹlòmíì?

Gbénró: Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n tiẹ̀ lè pe ọ̀rọ̀ ojú ìwé. Àwọn olùwádìí Gough àti Tunmer ti sọ ọ́ ní 1986: pípe ọ̀rọ̀ àti gbígbọ́ èdè ló ń bí àkàyé. Ìsọdipúpọ̀ ni o, kì í ṣe àròpọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Tíṣà: Ohun tọ́mọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Recht àti Leslie (1988) fún àwọn ọmọ ní ìtàn eré baseball (eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù) kà. Àwọn tí kò mọ̀wé kà dáadáa àmọ́ tí wọ́n mọ eré náà ṣe dáadáa ju àwọn ọ̀mọ̀wékà tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Kí lẹ wá fẹ́ fi ọgbọ́n mẹ́rin ṣe?

Gbénró: Ọmọ 64 péré ni gbogbo wọn nínú ìwádìí yẹn.

Ọmọ Tíṣà: Ṣebí ó ju ti Ìyá Ìbejì lọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi kíláàsì mi sílẹ̀ o!! Wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tèmi Yémi: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní fọ́ọ̀mù tí òbí máa ń fọwọ́ sí pé àwọn gbà kí ọmọ àwọn kópa?

Ìyá Ìbejì: Mo ní. Bàbá kan fọwọ́ sí tèmi, ó wá bi mí pé èló ni wọ́n máa san fóun.