Ọmọ kíláàsì mi béèrè nípa ènìyàn dúdú àti oyè àlùfáà, kí ni kí n sọ?

Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin ará. Mọ́mọ́nì ni mí, ìjọ Kristẹni kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èmi ni mo ń kọ́ kíláàsì àwọn ọ̀dọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọmọkùnrin kan nawọ́: "Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ni pé wọn kì í fún ènìyàn dúdú ní oyè àlùfáà tẹ́lẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, títí di 1978. (Nínú ìjọ wa, ọkùnrin tó bá yẹ ló ń gba oyè yìí, kì í ṣe olórí ìjọ nìkan.) Ó ní: "Ọlọ́run ló sọ bẹ́ẹ̀ àbí ènìyàn?" Mo ní a ó sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo ti ka ìtàn yẹn dáadáa. Ní 1836, nígbà ayé Joseph Smith tó dá ìjọ wa sílẹ̀, wọ́n fi Elijah Abel, ènìyàn dúdú, joyè alàgbà, ọ̀kan nínú oyè àlùfáà. Ní 1852 ni Brigham Young, olórí ìjọ lẹ́yìn Smith, kéde pé kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Abel bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n jẹ́ kó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ nínú tẹ́ńpìlì, wọn ò gbà, ó sì kú sínú ìjọ náà ní 1884. Màmá mi ní kí n pa á tì, pé ìtàn kì í gba ọkàn là.

Ìyá Ìbejì: Sọ ọ́ jàre. Ṣebí ìjọ yín fúnra wọn ti gbé e síta ní 2013, pé àwọn kọ àlàyé àtijọ́ tó ní ègún ni àwọ̀ dúdú? Bí o ò bá sọ, fóònù á sọ fún un, fóònù ò sì ní bá a gbàdúrà.

Bàbá Àgbà: Ẹ rọra o. Ní oṣù Kẹsàn-án 1993, ìjọ Mọ́mọ́nì bá ọ̀mọ̀wé àti òǹkọ̀wé mẹ́fà wí nítorí ohun tí wọ́n kọ tàbí tí wọ́n sọ, wọ́n yọ márùn-ún kúrò nínú ìjọ. D. Michael Quinn wà nínú wọn, onímọ̀ ìtàn tó ṣì ń gba Joseph Smith gbọ́ lẹ́yìn náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Juanita Brooks ńkọ́, bàbá? Ọmọ ìjọ ni. Ní 1950 ó kọ̀wé nípa bí àwọn Mọ́mọ́nì ṣe pa nǹkan bí 120 arìnrìn-àjò ní Mountain Meadows, ní Utah, ní 1857. Kò kúrò nínú ìjọ.

Adétutù: Ìjọ mìíràn ni tèmi, n kò ní dárúkọ. Kì í ṣe ìtàn ló lé mi jáde. Gbogbo àgbà ibẹ̀ ló mọ ìtàn náà, wọn ò sọ fún mi, wọ́n ń wò mí níran.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. "Ọlọ́run àbí ènìyàn" yẹn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Sọ pé kò sí ẹ̀rí tó dájú pé wọ́n fi oyè àlùfáà du ènìyàn dúdú kankan nígbà ayé Joseph Smith. Lẹ́yìn náà, sọ ohun tí ìwọ gbà gbọ́, kó mọ̀ pé ìgbàgbọ́ rẹ nìyẹn.

Olùbéèrè: Ó dáa. Màmá mi ní òun máa wá jókòó sí kíláàsì náà.