Fọ́múlà ti wà lórí, ìdáhùn kì í bọ́ sí i: físíìsì, kẹ́místírì àti ìṣirò fún UTME

Olùdíje, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti olùkọ́ wa. Engineering ni mo fẹ́ lọ kà, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́místírì ni mo máa ṣe. Mo mọ àwọn fọ́múlà, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kì í bá ti ẹ̀yìn ìwé mu. Ẹ bá mi wo mẹ́ta yìí:

Mọ́tò ń sáré 72 km/h lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, awakọ̀ tẹ bíréèkì, eré rẹ̀ ń dín kù ní 4 m/s². Báwo ni yóò ṣe rìn jìnnà tó kó tó dúró? Mo rí 648 m.

Gáàsì gba àyè 300 cm³ ní 27°C. Tí a bá mú un gbóná dé 127°C, tí pressure kò yí padà, àyè mélòó ni yóò gbà? Mo rí 1411 cm³.

Na₂CO₃ 25 cm³ wà nínú conical flask, 0.06 mol/dm³ ni. HCl 0.1 mol/dm³ mélòó ni yóò wọ inú rẹ̀ kí methyl orange (indicator, ohun tó ń fi àwọ̀ hàn pé ásíìdì ti tó) tó yí àwọ̀? Mo rí 15 cm³.

Níbo gan-an ni mo ti ń ṣì í?

Olùkọ́ físíìsì, Ṣàgámù

Àbúrò, v² = u² + 2as ni o lò (u ni eré ìbẹ̀rẹ̀, v ni eré ìparí, a ni bí eré ṣe ń yí padà, s ni ọ̀nà tó rìn), ó sì tọ̀nà. Ohun tí o kó sínú rẹ̀ ló bà á jẹ́. 4 yẹn, mítà àti ìṣẹ́jú-àáyá ni. 72 yẹn, kìlómítà àti wákàtí ni. Wọn ò lè jọ wọ inú ìṣirò kan náà. Kìlómítà kan jẹ́ mítà 1000, wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 3600, nítorí náà fi 3.6 pín km/h, yóò di m/s: 72 di 20. Nígbà tí mọ́tò bá dúró, v di 0. Eré ń dín kù, a di −4. Ó wá di 0 = 400 − 8s, s = 50 m.

Má fojú kéré àmì − yẹn o. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ yóò rí −50, yóò sì kàn pa àmì náà rẹ́ láìwádìí ibi tó ti wá. Lọ́jọ́ tí ìbéèrè bá le jù báyìí, kò ní rí ọ̀nà gbà. Tún wo 648 m tí o rí: ó tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́fà tí a tò lóòró. Mọ́tò wo ló ń rin gbogbo ìyẹn lẹ́yìn bíréèkì ní 72 km/h? Máa bi ara rẹ bẹ́ẹ̀ kó o tó mú ìdáhùn.

Ti gáàsì, kelvin nìkan ni òfin Charles mọ̀. Àyè tí gáàsì ń gbà ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ìgbóná rẹ̀, bí a bá ka ìgbóná náà láti −273°C, tí í ṣe òdo gidi. 0°C kàn jẹ́ ibi tí omi ti ń di yìnyín ni. Tó bá jẹ́ òdo gidi ni, gáàsì tó wà ní 0°C kò ní gba àyè kankan. 27 + 273 = 300, 127 + 273 = 400, nítorí náà 300 × 400/300 = 400 cm³. Ṣùgbọ́n nínú fọ́múlà ooru, Q = mcθ, ìyàtọ̀ ìgbóná méjì la fẹ́, o lè fi Celsius sílẹ̀ bó ṣe wà.

Olùkọ́ kẹ́místírì, Ìpẹru-Rẹ́mọ

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n mú titration, ìyẹn ìbéèrè HCl àti Na₂CO₃ yẹn.

Àbúrò, kọ́kọ́ kọ èyí sílẹ̀: Na₂CO₃ + 2HCl → 2NaCl + H₂O + CO₂. HCl méjì ni Na₂CO₃ kan ń gbà, bí ìgbà tí kóńgò gààrí kan bá ń fa kóńgò omi méjì. O fi omi kan sí i, o ní ó ti tó. Mole Na₂CO₃ jẹ́ 0.06 × 25/1000 = 0.0015, ti HCl yóò di 0.0030. Fi 0.1 pín in: 0.030 dm³, ìyẹn 30 cm³.

Tí o bá fẹ́ràn CaVa/CbVb = na/nb (a ni ásíìdì, b ni béèsì; C ni mol/dm³, V ni cm³, n ni iye mole nínú equation), rántí pé ásíìdì ló wà lókè, nítorí náà 2/1 ni. Ẹni tó bá dorí rẹ̀ kodò yóò rí 7.5. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu tí 7.5, 15 àti 30 bá jọ jókòó nínú ìdáhùn A dé D.

Ibì kan wà tí 15 rẹ ti tọ̀nà: bó bá jẹ́ phenolphthalein ni wọ́n lò. Ìyẹn ń pàdánù àwọ̀ rẹ̀ nígbà tí Na₂CO₃ ṣẹ̀ṣẹ̀ di NaHCO₃, HCl kan péré ló sì gbà débẹ̀. Nítorí náà, máa ka orúkọ indicator.

Electrolysis, ìyẹn fífi iná mànàmáná tú kẹ́míkà, náà ní irú ìdẹkùn yìí. Iná 2 A fún ìṣẹ́jú-àáyá 965 jẹ́ 1930 C (coulomb). Fi 96500, iye coulomb tó wà nínú Faraday kan (mole elekitírọ́ọ̀nù kan), pín in, 0.02 Faraday. Cu²⁺ kan ń gba elekitírọ́ọ̀nù méjì, nítorí náà mole Cu jẹ́ 0.01, ìyẹn gíráàmù 0.64 tí Cu bá jẹ́ 64. Tí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú bèèrè, sọ ọ́ di ìṣẹ́jú-àáyá kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Olùdíje, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣé gan-an ni, ó ti yé mi. Ó ku ẹyọ kan: wọ́n ju bọ́ọ̀lù sókè, h = 20t − 5t² (h ni gíga ní mítà, t ni ìṣẹ́jú-àáyá), ibo ló ga dé? Ṣé differentiation ni kí n ṣe ni àbí fọ́múlà físíìsì?

Olùkọ́ ìṣirò, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ibì kan náà ni méjèèjì ń já sí. dh/dt = 20 − 10t. Lókè téńté, bọ́ọ̀lù kò ní eré mọ́, ó di 0, t = 2. Dá 2 padà sínú h: 40 − 20 = 20 m. Ti físíìsì, u²/2g (u jẹ́ 20, g jẹ́ 10) = 400/20 = 20. Ọ̀pọ̀ ló ń dúró sí t = 2, tí wọ́n á sì mú 2. Gíga ni wọ́n bèèrè.

Fún UTME, u²/2g ló yá jù. Ìbéèrè 180 ni fún ìṣẹ́jú 120: Gẹ̀ẹ́sì 60, àwọn mẹ́ta yòókù 40-40. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá gba ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú-àáyá 45 ló kù fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Mọ sin 30° = 0.5, cos 60° = 0.5 àti tan 45° = 1 sórí, kó o má baà máa wá wọn kiri. Titration tàbí electrolysis tó bá fẹ́ kọjá ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, fò ó, kó o padà sí i lẹ́yìn tí o bá ti kó àwọn tó rọrùn tán.