Lẹ́tà ọlọ́pàá torí àmì X pupa lórí M6, ẹ gbà mí o

Ìyá Tómi: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi gidigidi. Ọ̀nà márosẹ̀ M6 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbà láti Coventry lọ síbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Birmingham. Ìdájí ni, òjò ń rọ̀, tírélà kan lẹ̀ mọ́ mi nídìí bíi pé ó fẹ́ gbé mi mì. Ẹnì kan tún wà láàárín ọ̀nà tó ń fi máìlì 55 rìn gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀, kò yà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bá ọ̀nà téèyàn lè sá sí, wọ́n ti sọ ọ́ di ojú ọ̀nà ọkọ̀. Lẹ́tà wá dé, wọ́n ní mo gba abẹ́ X pupa kọjá, àmì tó ń sọ pé wọ́n ti ti ojú ọ̀nà yẹn pa. Ibo ni kí n yà sí? Kí ni kí n ṣe báyìí?

Dípò Leeds: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ìgbà wo ni lẹ́tà náà dé? Ọjọ́ 28 lẹ ní láti sọ ẹni tó wa ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, póìǹtì ìjìyà 6 ni wọ́n máa fi sórí láísẹ́ǹsì yín, owó ìtanràn sì lè tó £1,000.

Àbẹ̀ní Luton: Táyà mi fọ́ lórí M1 níbi tí kò ti sí ẹ̀bá ọ̀nà rárá. Ilẹ̀kùn òsì ni mo gbà jáde, mo fo irin ẹ̀gbẹ́ títì, mo pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì. X pupa tí wọ́n tàn ni kò jẹ́ kí wọ́n gbá ọkọ̀ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, irú èmi lẹ máa pa.

Ìyá Tómi: Mi ò pa ẹnikẹ́ni o. Ọkọ mi ní kí n kọ orúkọ àbúrò òun pé òun ló wakọ̀, àbúrò náà ti padà sí Ìbàdàn.

Bàbá Ṣadé: Ẹ kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Dípò Leeds: Ẹ̀wọ̀n ni! Kámẹ́rà ká Chris Huhne, olóṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, mọ́ eré àsápajúdé lórí M11 ní 2003, ìyàwó rẹ̀, Vicky Pryce, gba póìǹtì náà sọ́rùn. Ọkùnrin yìí ti di mínísítà kí àṣírí tó tú. Ní 2013, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n dá fún wọn.

Bàbá Ṣadé: Olóṣèlú nìyẹn. Ta ló mọ̀ wá?

Àbẹ̀ní Luton: Ọlọ́pàá ò ní kọ́kọ́ mọ̀ yín kí wọ́n tó mú yín. Màámi, ẹ kọ orúkọ ara yín. £100 àti póìǹtì 3 ni wọ́n sábà máa ń fúnni fún X pupa. Wọ́n tiẹ̀ lè ní kẹ́ ẹ lọ ṣe kọ́ọ̀sì dípò rẹ̀.

Ìyá Tómi: Póìǹtì 3 ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ torí eré àsápajúdé. Ẹ má pè mí ní aláìmọ̀kan o, mo ti wakọ̀ pẹ́ ní Nàìjíríà, ìdánwò tibí nìkan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege lọ́dún tó kọjá.

Dípò Leeds: Háà! Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó yege, tí póìǹtì rẹ̀ bá pé 6, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ ó ti tún ìdánwò ṣe, ti ìwé àti ti ọkọ̀. Tí wọ́n bá fún yín ní kọ́ọ̀sì, ẹ gbà á kíá. Ẹ wá lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ́la. Ọjọ́ wo ló wà lórí lẹ́tà?

Ìyá Tómi: Ó ti pẹ́ díẹ̀ nílé. Tírélà yẹn ńkọ́, ta ni máa fún òun ní póìǹtì?

Àbẹ̀ní Luton: Ẹ fi tírélà sílẹ̀ mà. Ẹ ka ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà fún wa.